Muhammad al-Kishnawi: Oníṣirò Ọmọ Katsina Tí Ìdílé Kan ní Káírò Kò Jẹ́ Kí Orúkọ Rẹ̀ Parẹ́

 

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, bí ènìyàn bá dárúkọ Katsina ládùúgbò wa ní Kosofe, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé tòmátì, ata àti àlùbọ́sà wọ ọjà Mile 12 lóru. Ẹni tó ń gbé Ketu tàbí Ikosi mọ ìró ọkọ̀ náà, ó sì mọ àwọn ará Òkè Ọya tó ń bá a wá. A ń bá wọn ná ọjà, a ń bá wọn kírun nínú sàfù kan náà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, ọmọ Katsina kan gbé ẹrù mìíràn kúrò nílé, ó gbé e dé Mẹ́kà, ó sì gbé e dé Káírò. Ìmọ̀ ìṣirò ni ẹrù náà. Ìtàn ọkùnrin yìí ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé kéwú ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Muhammad. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní al-Fulani al-Kishnawi as-Sudani, orúkọ náà fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́ ìtàn. Al-Fulani ń sọ ẹ̀yà rẹ̀. Al-Kishnawi ń sọ ibi tó ti wá, nítorí Kishna ni wọ́n máa ń kọ Katsina sí nínú èdè Lárúbáwá. As-Sudani kò túmọ̀ sí orílẹ̀-èdè Sudan tòde òní. Ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú lápapọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, a jẹ́ pé àwa náà wà nínú ẹni tí orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ó jáde láyé ní Káírò ní ọdún 1154 lẹ́yìn hijrah, èyí tó bọ́ sí ọdún 1741. Bí a bá ṣírò rẹ̀, ó ku ọdún 63 kí Shehu Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ jíháàdì rẹ̀ ní 1804. Ẹni tó bá rò pé ìmọ̀ kéwú tó jinlẹ̀ kò sí nílẹ̀ Hausa kí Shehu tó dé, ẹ̀rí rèé pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ ojú ẹni tí a fi ń rí i. Ẹni tó kọ ìtàn rẹ̀ tó fi dé ọwọ́ wa kì í ṣe ọmọ bíbí inú rẹ̀, kì í ṣe Fúlàní, kì í sì í ṣe ará Katsina. Abd al-Rahman al-Jabarti ni, òpìtàn ńlá ilẹ̀ Íjíbítì, ẹni tí ìwé rẹ̀ ‘Ajā’ib al-Āthār kò ṣeé fojú fò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Káírò láyé ìgbà náà. Ọdún 1753 ni wọ́n bí Abd al-Rahman, ìyẹn ọdún 12 lẹ́yìn ikú al-Kishnawi. Kò fojú kan án rí. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé bàbá rẹ̀, Hasan al-Jabarti, jẹ́ ọmọ kéwú al-Kishnawi, nínú ilé bàbá rẹ̀ yìí kan náà sì ni ọmọ Katsina náà kú sí. Nítorí náà, ìtàn olùkọ́ yìí jẹ́ ìtàn ilé fún Abd al-Rahman. Ó kọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń kọ ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ti re ọ̀run kí òun tó dáyé.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ẹbí oríṣi méjì ló wà: ti ẹ̀jẹ̀ àti ti ìmọ̀. Àwa tí a kàwé níwájú àfáà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kọ́ bàbá rẹ ní kéwú, bàbá ló jẹ́ fún ìwọ náà. Nínú irú ẹbí kejì yìí ni a ti rí ìtàn al-Kishnawi.

Láti ilé ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ rẹ̀, al-Jabarti sì mú orúkọ wọn wá fún wa. Lára wọn ni Muhammad al-Wali, ẹni tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ó tan mọ́ Borno àti Baghirmi, àti Muhammad Bindu. Ẹ jẹ́ kí a ronú lórí èyí dáadáa. Kí ọkùnrin yìí tó tẹsẹ̀ bọ Mẹ́kà tàbí Káírò, ó ti kọ́ gírámà Lárúbáwá, ó ti kọ́ mantiq, ìyẹn ìmọ̀ ètò ìrònú, ó sì ti kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ lẹ́tà pẹ̀lú òǹkà lọ́wọ́ àwọn àfáà aláwọ̀ dúdú, nílẹ̀ tó ti di ara Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lónìí. Kì í ṣe Íjíbítì ló sọ ọ́ di onímọ̀. Onímọ̀ ló wọ Íjíbítì.

Ní nǹkan bí ọdún 1730, ó lọ sí hájì. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ikeja lónìí, tó ń dé Jeddah kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè mọ ohun tí ìrìn àjò náà jẹ́ nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ ni, ràkúnmí ni, oṣù lórí oṣù ni. Ọ̀pọ̀ ló lọ tí kò padà. Al-Kishnawi dé, ó sì dúró ní Mẹ́kà fún ìgbà díẹ̀. Níbẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tó ń jẹ́ al-Durr al-Manzum, kó tó wá parí rẹ̀ ní Káírò. Kò jẹ́ kí ìrìn àjò dá kálàmù rẹ̀ dúró.

Káírò tó wọ̀ kì í ṣe ibi tí aláwọ̀ dúdú ti jẹ́ àjèjì pátápátá. Ní Mọ́ṣáláṣí Al-Azhar, wọ́n pín ibùgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ti wá. Riwaq ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ Borno ní tiwọn, àwọn ọmọ Jabart láti ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà náà ní tiwọn. Ìdílé Hasan al-Jabarti, tí ìran wọn wá láti Jabart, ló ń ṣe olórí riwaq yìí láti ìran dé ìran. Nígbà tí al-Kishnawi dé, Hasan ti lé ní ọmọ 30 ọdún, ó sì ti jẹ́ onímọ̀ tí wọ́n mọ̀. Síbẹ̀, kò tijú láti jókòó síwájú àlejò tó ti Katsina wá. Èyí nìkan tó ẹ̀kọ́ fún àwa tí a máa ń bi àfáà léèrè ìlú tó ti wá kí a tó bi í léèrè ohun tó mọ̀.

Kí wá ni ohun tí ọkùnrin yìí mọ̀? Ó kọ ìwé lórí gírámà, ó kọ ìwé lórí mantiq. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí àwọn oníṣirò ayé máa dárúkọ rẹ̀ títí dòní ni ìwé tó kọ ní Káírò ní ọdún 1732, tó pe orúkọ rẹ̀ ní Bahjat al-Afaq. Orí àpótí òǹkà ni ìwé náà dá lé, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní wafq. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Claudia Zaslavsky, sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Africa Counts, tó jáde ní 1973. Láti ìgbà náà ni orúkọ Muhammad ọmọ Muhammad ti wọ ìtàn ìmọ̀ ìṣirò Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé àpótí náà kí ó lè yé ọmọ kékeré. Fa ilà kí o ní ojú ilé mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òró. Ní ìlà àkọ́kọ́ kọ 2, 7, 6. Ní ìlà kejì kọ 9, 5, 1. Ní ìlà kẹta kọ 4, 3, 8. Wàá rí i pé òǹkà láti 1 dé 9 ni o lò, ìkankan kò sì wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Ka ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀ ní ìbú, 15 ni. Kà á ní òró, 15 ni. Kà á láti igun dé igun, 15 náà ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí o bá ka 1 dé 9 pọ̀, 45 ni yóò jẹ́. Ìlà mẹ́ta ni yóò pín in, 45 sọ́nà mẹ́ta sì jẹ́ 15. Bí àpótí náà bá jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, òǹkà 1 dé 25 ni, àpapọ̀ rẹ̀ 325, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ 65. Bí ó bá jẹ́ méje sí méje, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 175.

Àwọn àpótí tí ojú ilé wọn kò ṣeé pín sí méjì báyìí, ìyẹn mẹ́ta, márùn-ún, méje àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni al-Kishnawi dojú kọ. Kò kàn kó àpótí jọ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wò ó kọ. Ó ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kún un. Ó tún fi hàn pé bí a bá yí àpótí kan po, tàbí tí a dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn bí ìgbà tí ènìyàn ń wo dígí, àpótí mìíràn ni yóò jáde láìjẹ́ pé àpapọ̀ rẹ̀ yí padà. Láti ara àpótí mẹ́ta sí mẹ́ta kan ṣoṣo, mẹ́jọ ni a lè rí lọ́nà yìí. Ó gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kí ó má ṣe sọ ìrètí nù bí iṣẹ́ náà bá le, ó sì fi onísùúrù akẹ́kọ̀ọ́ wé olólùfẹ́ tí kò jẹ́ kó rẹ òun.

Àwọn tó ka kéwú jinlẹ̀ yóò ti rí ohun kan nínú àpótí tí a kọ sókè yẹn. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ni 2, 4, 6 àti 8. Bí a bá fi ìṣirò abjad kà á, bā’ ni 2, dāl ni 4, wāw ni 6, ḥā’ ni 8. Òun ló di ọ̀rọ̀ budūḥ tí a máa ń rí lára tírà àtijọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ dé tí a kò gbọdọ̀ fi bò.

Àpótí yìí ni ọ̀pọ̀ àfáà nílẹ̀ Yorùbá ń pè ní háńtù. Wọ́n ń yà á sí wáláà, wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún aláìsàn mu, wọ́n ń dì í mọ́ inú awọ fún ọlọ́jà tó fẹ́ kí ọjà òun yá. Al-Kishnawi náà kò sì yàgò fún ọ̀nà yìí. Orúkọ kíkún ìwé al-Durr al-Manzum fúnra rẹ̀ sọ pé ó dá lórí idán, tírà àti ìràwọ̀. Àwọn kan lára wa, bí wọ́n bá gbọ́ èyí, yóò ní kí a ti ọkùnrin náà sápá kan, kí a má ṣe dárúkọ rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn yóò sì fi orúkọ rẹ̀ ṣe àwíjàre fún òwò wọn.

Lójú tiwa, ọ̀nà méjèèjì kò tọ́. Òǹkà kì í gbani, òǹkà kì í sì í pani. Ọlọ́hun nìkan ló ni àǹfààní àti ìnira lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé àpótí tí a fi yíǹkì yà ti gbọ́kàn lé ohun tí kò lè mú ohunkóhun ṣẹlẹ̀. A kò sì ní ṣe bí ẹni pé al-Kishnawi kò rìn ní ọ̀nà yẹn rárá. Ṣùgbọ́n pé ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ 15, òtítọ́ ni lójú onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, lánàá àti lọ́la. Ìmọ̀ tí a fi mú un jáde mọ́, ó sì wúlò. Ohun tó ń dùn wá ni pé àpótí náà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìrònú inú rẹ̀ kò bá a dé. Mélòó nínú àwọn tó ń ta háńtù ló lè sọ ìdí tí ó fi jẹ́ 15? Mélòó nínú àwọn tó ń rà á ló tilẹ̀ kà á pọ̀ rí? Èèpo la gbà, a ju ọsàn nù.

Hasan al-Jabarti gba ọsàn. Kì í ṣe al-Kishnawi nìkan ló kọ́ ọ, olùkọ́ rẹ̀ pọ̀. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ ka ọmọ Katsina yìí mọ́ àwọn tí bàbá rẹ̀ gba ìmọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo ohun tí Hasan wá fi ìṣirò ṣe lẹ́yìn ikú olùkọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1746, àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù kan wá jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ jiọ́mẹ́tìrì, ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwọ̀n tí wọ́n ń lò lọ́jà Káírò kò bára mu mọ́, òun ló dìde tún un ṣe, ó sì kọ ìwé lórí òṣùwọ̀n fún àǹfààní àwọn ènìyàn. Ẹ̀yin ará Mile 12, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ mọ ìjà tó máa ń wáyé lórí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, tàbí kóńgò tí kò tó kóńgò. Ìṣirò tó kúrò nínú ìwé wọ ọjà, tó gba ẹ̀tọ́ aláìní padà fún un, ìjọsìn ni.

Ọdún mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni al-Kishnawi lò ní Káírò. Kò padà rí Katsina mọ́. Ní 1741, ilé Hasan ni ikú ká a mọ́. Kó tó kú, Hasan ló fi ogún àti àwọn ìwé rẹ̀ lé lọ́wọ́ pé kó jẹ́ alámòójútó wọn. Wọ́n sin ín sí Bustan al-Ulama, ìyẹn ọgbà àwọn onímọ̀, ní ibi ìsìnkú al-Mujawirin. Hasan mọ ibojì sí i, ó sì kọ orúkọ olùkọ́ rẹ̀ àti ọdún ikú rẹ̀ sí i lára.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ Fúlàní láti Katsina, lójú ọ̀nà tó jìn tó oṣù púpọ̀ sílé, kò kú bí ẹni tí kò ní ẹbí. Ẹni tó kọ́ ló pa ojú rẹ̀ dé. Ẹni tó kọ́ ló kó ìwé rẹ̀ pa mọ́. Hasan bí ọmọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ikú kó wọn lọ ní kékeré, Abd al-Rahman nìkan ló dàgbà. Bàbá náà kú ní 1774, nígbà tí ọmọ yìí jẹ́ ẹni ọdún 21. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Íjíbítì ní 1798, tí ayé àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú lójú Abd al-Rahman. Nínú gbogbo rúdurùdu yẹn, ó jókòó, ó ń kọ orúkọ àwọn tó ti kú lọ́dọọdún, ọba pẹ̀lú àfáà, olówó pẹ̀lú òtòṣì. Nígbà tó kan ọdún 1154, ó kọ orúkọ ọmọ Katsina tó kú nílé bàbá rẹ̀. Bí kò bá ṣe pé bàbá sọ ọ́ fún ọmọ, tí ọmọ sì kọ ọ́ sílẹ̀, díẹ̀ bíńtín ni à bá mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí.

Kí ni èyí kan àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní Ketu, Ikosi àti agbègbè wọn? Ó kàn wá lọ́nà méjì. Èkíní ni pé ìṣirò kì í ṣe ti ilé ìwé òyìnbó nìkan, ẹrù wa ni. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ogún. Ká ní ọkùnrin kan kú, bàbá rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ, ó fi ìyàwó kan, ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyá yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà, àwọn ọmọ yóò pín ìyókù, ọkùnrin ní ìlọ́po méjì ti obìnrin. Bí a bá pín ohun ìní náà sí ọ̀nà 72, ìyàwó gba 9, ìyá gba 12, ọmọkùnrin gba 34, ọmọbìnrin gba 17. Àfáà tí kò lè ṣe ìṣirò yìí, tí wọ́n bá pè é wá pín ilé tàbí owó, ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn ni yóò fi ṣòfò. Òfin wà lórí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú un ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàká àti òǹkà àsìkò ìrun.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀. Àwọn àfáà àgbà tó kọ́ wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A máa ń ṣe fìdáù, a máa ń pín oúnjẹ, a máa ń ya fọ́tò, lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kí ikán jẹ ìwé wọn nínú àpótí. Ta ni olùkọ́ wọn? Ìwé wo ni wọ́n kà? Kí ni wọ́n mọ̀ tí ẹlòmíràn kò mọ̀? Ọmọ kéwú tó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè kọ ọ́ sílẹ̀ lóòjọ́ kan ṣoṣo, kí àfáà náà tó di olóògbé. Kò di ìgbà tí ènìyàn bá jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn. Hasan kì í ṣe ọmọ al-Kishnawi, bẹ́ẹ̀ ni Abd al-Rahman kò bá a pàdé láyé. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì ló ṣe ojúṣe ọmọ fún un.

Kí Ọlọ́hun forí jin Muhammad ọmọ Muhammad al-Kishnawi níbi tó ti ṣe àṣìṣe, kó san án lẹ́san níbi tó ti ṣe dáadáa. Kó kẹ́ Hasan àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwọn tó ń pa ìmọ̀ mọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Kó fi ìmọ̀ tó ṣàǹfààní ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.